Expat, Immigrant, Ará Òkè Òkun: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí Ní Kàbbà Lórí Orúkọ Tí À Ń Pe Ẹni Tó Rìnrìn Àjò

Okun o (bí a ṣe ń kí ara wa níbí nìyẹn), ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní ní Kàbbà, ìpínlẹ̀ Kogi, mo máa ń bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù pásípọ́ọ̀tù àti ti físà sórí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé lójoojúmọ́, ẹnu sì ti ń ro mí. Mo kó wọn jọ síbí, kí kálukú ka èyí tó bá kàn án.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín expatriate àti immigrant gan-an?

Tẹ́ ẹ bá wo dikiṣọ́nárì, expatriate (tí wọ́n máa ń gé kúrú sí expat) ni ẹni tó ń gbé níbi tí kì í ṣe ìlú ẹ̀. Inú èdè Látìn ló ti wá, ex ni "kúrò", patria ni "ilẹ̀ baba ẹni". Ẹni tó kúrò nílẹ̀ baba ẹ̀, ó tán. Immigrant sì ni ẹni tó wọ ìlú onílùú láti máa gbé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ti dikiṣọ́nárì nìkan, èèyàn kan náà lè jẹ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bó ṣe ń wọ bàálù l'Abuja expatriate ni, bó ṣe balẹ̀ ní London ó ti di immigrant.

Àwọn kan máa ń sọ pé expat ni ẹni tó lọ fúngbà díẹ̀ tó máa padà, immigrant ni ẹni tó lọ jókòó síbẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, àmọ́ ẹ bá mi wò ó: ọmọ Ìyàrà tó gba kọ́ńtíráàtì ọdún méjì láti lọ ṣọ́ géètì ní Dubai, kò sí bó ṣe fẹ́ jókòó síbẹ̀ torí iṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n so ìwé ìgbélùú ẹ̀ mọ́, ọjọ́ tíṣẹ́ bá bọ́ ìwé náà ń bọ̀ wá bọ́. Ta ló ti pè é ní expat rí? Òyìnbó tó ti fẹ̀yìntì, tó lọ ra ilé sí etíkun Sípéènì, tó fẹ́ kú síbẹ̀, tí wọ́n fẹ́ sin síbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní expat. Ọ̀rọ̀ ìgbà kọ́ o. Àwọ̀ àti àpò ni.

Migrant àti refugee ńkọ́? Ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀?

Rárá. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá ń ka èèyàn, ẹni tó bá ti kúrò ní orílẹ̀-èdè tó ń gbé lọ sí òmíràn fún ọdún kan, ó kéré tán, migrant ni wọ́n ń kà á sí, wọn ò wo àwọ̀ wọn ò wo owó oṣù. Refugee ní àdéhùn tiẹ̀ láti ọdún 1951: ẹni tó sá torí ó ń bẹ̀rù inúnibíni nítorí ẹ̀yà ẹ̀, ẹ̀sìn ẹ̀, orílẹ̀-èdè ẹ̀, irú ẹgbẹ́ èèyàn tó jẹ́, tàbí èrò òṣèlú ẹ̀. Ebi ò sí níbẹ̀. Sápá ò sí níbẹ̀.

Yorùbá ń pe refugee ní ogunléndé, ẹni tí ogun lé dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ajínigbé lé kúrò ní abúlé ẹ̀ ní Yàgbà tó wá sá sọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀ ní Kàbbà, ogun lé òun náà dé, síbẹ̀ kò kọjá bọ́dà, torí náà wọn ò ní kà á sí refugee, IDP (ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé àmọ́ tó ṣì wà nínú orílẹ̀-èdè ẹ̀) ni wọ́n máa kọ sórúkọ ẹ̀, ìyẹn tí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ wá kọ orúkọ ẹ̀.

Ṣé ìjọba tiwa náà ń lo expatriate?

Ó ń lò ó dáadáa kẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba àjèjì síṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní expatriate quota lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Káàdì ìgbélùú tí àjèjì ń gbà ní Nàìjíríà, CERPAC ló ń jẹ́, lẹ́tà E tó wà láàárín ẹ̀ yẹn, expatriate náà ni. Lóṣù kejì ọdún 2024 ìjọba Tinubu gbé owó kan dé tí wọ́n pè ní Expatriate Employment Levy, dọ́là 15,000 lọ́dún lórí ọ̀gá àgbà tó bá jẹ́ àjèjì, dọ́là 10,000 lórí àwọn yòókù. Àwọn ilé-iṣẹ́ pariwo, kò pé oṣù kan tí wọ́n fi dá a dúró.

Ẹ wá wo ẹni tí òfin yẹn ń rò. Kò sẹ́ni tó máa san dọ́là 10,000 lórí ọmọ Tógò tó ń kọ ebè iṣu. Ìyẹn ni pé nínú ìwé ìjọba tiwa gan-an, àjèjì tó ní ọ̀gá olówó ni expatriate, àjèjì tó gbé ọkọ́ léjìká ò ní orúkọ kankan.

Kí ló dé tí òyìnbó tó wá síbí kì í jẹ́ immigrant?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí Lọ́kọ́ja ò jìnnà sí wa. William Baikie, dókítà ọmọ Scotland, ló wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja ní nǹkan bí ọdún 1860, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Lugard gbé àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì sókè níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Flora Shaw, tó padà wá di ìyàwó Lugard, ti kọ orúkọ "Nigeria" sínú ìwé ìròyìn ní London láti 1897. Èwo nínú wọn ló gba físà? Ta ló bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni ẹ máa padà? Nínú ìwé ìtàn, "explorer" ni wọ́n ń pè wọ́n, "administrator" ni wọ́n ń pè wọ́n. Ibojì àwọn òyìnbó wà ní Lọ́kọ́ja títí dòní, ẹni tí wọ́n sin síbí tán, ìgbà wo ni tiẹ̀ fẹ́ di fúngbà díẹ̀?

Mi ò sọ pé gbogbo wọn ṣe burúkú o. Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ó pẹ́ níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951 ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, àwọn bàbá wa kan ò bá má mọ A yàtọ̀ sí ọ̀pá ká ní wọn ò wá. Míṣánnárì là ń pè é, a sì ń fi ọ̀wọ̀ pè é. Mo kàn ń sọ pé ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ tó lọ ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Manchester lónìí, bó bá sàn bó bá rọ̀, immigrant ni wọ́n máa pè é kí wọ́n tó pè é ní pásítọ̀.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn ará Íńdíà. Ẹnjiníà ọmọ Íńdíà tó wá ṣiṣẹ́ ní Ọbájánà, expatriate ni, ó ní dírẹ́bà, ó ní máìgáàdì. Kí ọkùnrin yẹn kan náà gba iṣẹ́ lọ sí London, immigrant ni wọ́n máa pè é lọ́jọ́ tó bá débẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀ ò yí padà, ìwé ẹ̀rí ẹ̀ ò yí padà. Ẹni tó ń pè é ló yàtọ̀.

Yorùbá tiwa ńkọ́, ṣé ó ní irú ìyàtọ̀ báyìí?

Ó ní i, àmọ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Àlejò là ń fún lóúnjẹ, àjèjì là ń ṣọ́, àtọ̀húnrìnwá là ń pè é lọ́jọ́ tí ìjà ilẹ̀ bá dé. Èèyàn kan lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkúrò nínú yàrá kan tó rẹ́ǹtì. Àtìpó tún wà, ẹni tó ń gbé àárín wa tí kì í ṣe ara wa, ẹni tó bá ń ka Bíbélì máa ti pàdé ẹ̀ dáadáa, òfin Mósè sì ní kí wọ́n má ni ín lára.

Ẹ tún wo Tókùnbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó bọ̀ wálé, orúkọ iyì ni. Mọ́tò tí òyìnbó ti lò kó tó gba Kòtònù wọlé, tókùnbọ̀ náà ni, ẹni tó bá sì rà á máa ń yangàn pé kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà. Gbogbo ohun tó bá ti òkun bọ̀ ló níyì lójú wa. Èyí tó bá ti Tógò bọ̀ ni a ò ní orúkọ iyì fún. (Kí ẹ má sì ṣi òkun yẹn mú fún Okun tí à ń fi kí ara wa o, àmì ohùn ló yà wọ́n, mo ti rí ọmọ Èkó tó rò pé etí omi là ń gbé.)

Ṣé èébú ni "japa"?

Ó sinmi lórí ẹni tó ń sọ ọ́. Kó tó di ọ̀rọ̀ físà, ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá tàbí tó ń sá fún gbèsè ló ń japa. Nítorí náà ọ̀rọ̀ sísá ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé ẹni náà ṣe nǹkan kan.

Ọmọ olóṣèlú kì í japa ṣá. "Ó lọ kàwé" ni tiẹ̀, kódà tó bá ti lo ọdún méjìlá tí kò padà wá, ó ṣì ń kàwé. Ọmọ tíṣà tó ta ilẹ̀ bàbá ẹ̀ ní Ìsánlú láti fi san owó ilé-ìwé kan náà, bàálù kan náà, Heathrow kan náà, òun ló japa, òun ló kẹ̀yìn sí ìlú. Nígbà tí mo bá ń kọ fọ́ọ̀mù fún àwọn méjèèjì ṣá, àpótí kan náà ni mo ń máàkì.

Dókítà lọ, wọ́n ní ọpọlọ orílẹ̀-èdè ń sá lọ. Carer (ẹni tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú arúgbó àti aláìlera) lọ, wọ́n ní ó ń nu ìdí arúgbó. Ẹ wo èyí?

Mo ti wò ó, inú ń bí mi. Tó bá jẹ́ dókítà, gbogbo ìlú á máa ṣọ̀fọ̀, wọ́n á ní ìjọba ló fà á. Tó bá jẹ́ àbúrò ẹ̀ obìnrin tó gba físà carer, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín. Ní ìpàdé ìdílé, wọ́n á ní "ṣé iṣẹ́ tó lọ ṣe nìyẹn?" Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ kan òrùlé bàbá, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè lórí WhatsApp? Mi ò tí ì rí ìdílé tó dá owó carer padà torí ibi tó ti wá.

Ohun tó tún wá yà mí lẹ́nu ni pé iṣẹ́ yìí kan náà, níbí, ìyìn ló ń mú wá. Ìyàwó ilé tó ń wẹ ìyá ọkọ ẹ̀ tí ìyà àrùn rọpárọsẹ̀ ń jẹ, tó ń bọ́ ọ, tó ń pàrọ̀ aṣọ ẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa ṣàdúrà fún un, wọ́n á ní ọmọ dáadáa ni, òun náà á jèrè ọmọ. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún iṣẹ́ yẹn lókè òkun ló di yẹ̀yẹ́. Ṣé owó ló ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni, àbí kí la rí?

Àwọn òyìnbó ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ò mọ́ níbẹ̀. Lọ́dún 2020 nígbà kòrónà, wọ́n ń jáde síta lálaalẹ́ Thursday láti pàtẹ́wọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì àti carer, akọni ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní 2022 wọ́n ṣílẹ̀kùn físà fún carer torí èèyàn ò tó. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024 wọ́n ní carer tó ń bọ̀ ò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí ìyàwó àtọmọ wá mọ́. Ní oṣù keje 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ wá tuntun láti ìta. Láàárín ọdún márùn-ún, akọni ti di "iye immigrant tó pọ̀ jù". Èèyàn kan náà, aṣọ iṣẹ́ kan náà.

Kí ló dé tí obìnrin tó bá dá lọ fi máa ń gbórúkọ burúkú?

Torí ẹnu wa ni. Ọkùnrin lọ sí Italy, "ó ń wá owó". Obìnrin lọ sí Italy, ojú tí wọ́n máa fi wò ó nígbà tó bá padà wálé ọdún Kérésì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tó ń tan àwọn ọmọbìnrin gba Líbíà kọjá tí wọ́n fi ń ṣòwò, òfin sì wà lórí ẹ̀ ní Nàìjíríà láti 2003, àjọ NAPTIP ló ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ẹni tí wọ́n tàn ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Lẹ́nu wa ló ti jẹ́ ọ̀daràn.

Àǹtí kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, nọ́ọ̀sì ni, gbogbo ìwé ẹ̀ pé, kò sẹ́ni tó tàn án. Ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà kan tí òun máa fi han àwọn ẹbí ọkọ òun pé ilé ìwòsàn gidi ló gba òun. Lẹ́tà fún ẹ́ḿbásì mi ò jiyàn, àmọ́ lẹ́tà fún ẹbí ọkọ? Mo kọ ọ́ fún un ṣá. Mi ò gbowó ẹ̀.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí kí wọ́n lé wa bí immigrant, àbí àwa náà ti lé èèyàn?

Méjèèjì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó jáde. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, oníṣòwò tó ti bímọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ ò tiẹ̀ gbọ́ èdè ilé. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari náà ní kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, nǹkan bí mílíọ̀nù kan nínú wọn ló jẹ́ ọmọ Gánà. Báàgì onílà pupa àti búlúù tí wọ́n fi kó ẹrù, a ṣì ń pè é ní Ghana Must Go.

Ẹ lọ sí ọjà Kàbbà, ẹ ó rí i. Báàgì tí à ń fi kó gààrí ránṣẹ́ sí ọmọ l'Ékòó, orúkọ tó ń jẹ́ ni "ọmọ Gánà, ó ní láti lọ". A ti sọ ọ́ títí a ò gbọ́ ohun tí ẹnu wa ń sọ mọ́.

Àwọn ọmọ Tógò àti Kòtònù tó wà lóko wa, kí ni wọ́n?

Tẹ́ ẹ bá bi mí, expatriate ni wọ́n. Mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n wá fúngbà díẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ dáadáa ju àwa lọ (ẹ lọ wo ebè tí wọ́n bá kọ), wọ́n máa gba owó wọn níparí ọdún, wọ́n máa padà sílé. Gbogbo ohun tí ìwé fi ń júwe expat ló pé sára wọn, àfi àwọ̀ àti sálárì.

Òfin ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ yẹn láǹfààní láti wọ òmíràn láìgba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, tó bá ní ìwé ìrìnnà tó yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ gbàwé. Nítorí náà ẹni tó bá ń pè wọ́n ní "àwọn tó já wọlé" kó rọra.

Èmi náà ò yọ ara mi sílẹ̀. Ọdún méjì ni ọmọ Tógò kan fi bá mi ro oko lọ́nà Òkè-Ọ̀yì, "Tógò" ni mo ń pè é, "Tógò, wá jẹun", "Tógò, gbé ọ̀bẹ". Ọjọ́ tó ń lọ ló wá ní kí n bá òun kọ orúkọ òun sórí fóònù òun tuntun, ni mo bá bi í pé kí lorúkọ ẹ. Ojú tì mí gan-an. Bẹ́ẹ̀ àbúrò mi tó wà ní Canada máa ń pe mí tá á máa ké pé gbogbo ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń pe òun ní "Africa".

Àwa ará Okun (Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi) ńkọ́, nígbà tá a bá dé Èkó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991 ni ọ̀rọ̀ yìí ti tún le sí i. O dé Èkó, wọ́n bi ọ́ ìpínlẹ̀, o ní Kogi, wọ́n ní "ah, Ìgálà ni ẹ́", àbí "ẹ̀yin Hausa". O ní Yorùbá ni mí, wọ́n ní sọ ọ́ ká gbọ́. O sọ ọ́, wọ́n ní kì í ṣe Yorùbá gidi. Nígbà tó o bá wá dé Abuja tí wọ́n ń pín ipò fún àríwá, àwọn ará àríwá ní Yorùbá ni ẹ́, lọ bá àwọn èèyàn ẹ. Àwa nìkan la mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n sọ èèyàn di àjèjì níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà láìfò kọjá òkun kankan.

Torí ẹ̀ ni mo fi rò pé ó yẹ ká mọ̀ ọ́n lára ju ẹlòmíì lọ.

Wọ́n bí mi sí Kaduna, mo ti pé ogójì ọdún níbẹ̀. Kí ni mi?

Lábẹ́ òfin, ọmọ Nàìjíríà ni yín, ẹ lè gbé níbi tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ìwé òfin 1999, abala 318, sọ pé ẹni tó jẹ́ "ti" ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí ẹ̀ tàbí òbí òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ ibílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bí ẹ sí ò sọ nǹkan kan. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìwé ọmọ ìbílẹ̀, Ìjùmú tàbí ibikíbi tí bàbá yín ti wá lẹ máa lọ gbà á, bí ẹ ò tiẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀. "Settler" ni wọ́n ń pè yín ní Kaduna. Ẹ wá fi wé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó lọ sí Amẹ́ríkà: tó bá rí green card gbà, ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ó lè béèrè fún ìwé ọmọ onílùú. Ogójì ọdún yín ní Kaduna ò ní fọ́ọ̀mù.

Ẹni tí wọ́n dá padà àti ẹni tó fúnra ẹ̀ padà, ṣé ọ̀kan náà ni?

Kì í ṣe ọ̀kan náà, àmọ́ níbí "wọ́n dípọ́ọ̀tì ẹ̀" ni wọ́n máa sọ fún méjèèjì tí kò bá ti ra mọ́tò. Láti 2017 àjọ IOM, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn migrant lágbàáyé, ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà wálé láti Líbíà. Ìwé IOM ní wọ́n fúnra wọn yàn láti padà ni. Àwọn aládùúgbò ní wọ́n lé wọn. Òyìnbó tí nǹkan bá dojú rú fún níbí, tí ìjọba ẹ̀ wá fi bàálù gbé e, wọ́n ní wọ́n "evacuate" ẹ̀. Mi ò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n dípọ́ọ̀tì òyìnbó láti Àjàòkúta.

Ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, kí la máa pe òun?

Ọmọ yín. Tó bá jẹ́ ti ìwé, tí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni, abala 25 nínú ìwé òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì lè mú ìwé ìlú méjì dání. Amẹ́ríkà ti ń ka ọmọ tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ wọn sí ọmọ onílùú láti 1868. Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀, láti 1983 bíbí níbẹ̀ nìkan ò tó, ìwé àwọn òbí ni wọ́n máa wò, torí náà ẹ má kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì torí ẹ gbọ́ nǹkan lẹ́nu ẹnì kan.

Pẹ̀lú bí ìlú ṣe rí yìí, ṣé ẹ fẹ́ ká máa gba gbogbo àjèjì wọlé ni?

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti jí èèyàn gbé lọ́nà oko, lọ́nà ọjà, mi ò ní jókòó sẹ́yìn kọ̀ǹpútà kí n ní kí ẹ má ṣọ́ra. Nígbà àwọn bàbá wa, àlejò tó bá dé máa ń ní onílé tó mú un dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, wọ́n á bi í: ta ni ẹ́, níbo lo ti wá, kí lo wá ṣe. Kò sí èébú nínú ìyẹn.

Ohun tó jẹ́ èébú ni pé ká bi ẹni tó gbé àpò yíya, ká wá kí ẹni tó wa jíìpù kọjá pé "ẹ kú ìrìn, sà". Ẹni tó ń ta àwọn ajínigbé lólobó kì í ṣe àjèjì nígbà gbogbo, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Tí ìbéèrè bá máa wà, kó kan gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Ṣé kí n máa pe ara mi ní expat tí mo bá débẹ̀?

Yorùbá ní orúkọ tó bá wuni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi. Ẹ pè é, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń ṣe carer ní abúlé ibẹ̀ bá ń pe ara wọn ní expat lórí Facebook tí wọ́n sì ń fi ojú immigrant wo ọmọ Somalia tó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mi ò mọ ohun tí ẹ jèrè.

Wọ́n fún mi ní ìwé tó ní "214(b)" ní ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀?

Ẹ ò ṣẹ̀ kankan. Èyí ló le jù nínú gbogbo ìbéèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e sẹ́yìn. Òfin wọn, abala 214(b), sọ pé ẹni tó bá wá gba físà àbẹ̀wò, immigrant ni kí wọ́n kà á sí títí tí òun fúnra ẹ̀ á fi fi hàn pé òun kì í ṣe immigrant. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kí ẹ tó lanu, wọ́n ti sọ yín lórúkọ. Iṣẹ́ yín níwájú gíláàsì yẹn ni láti bọ́ orúkọ náà sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Wọ́n á ní gbogbo ayé ni òfin náà wà fún, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Faransé tàbí ọmọ Jámánì tó fẹ́ lọ wo New York fún ọ̀sẹ̀ méjì kì í sábà dé iwájú gíláàsì yẹn rárá, ó máa kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní ESTA lórí fóònù ẹ̀ torí ìlú ẹ̀ wà nínú àwọn tí wọn ò béèrè físà àbẹ̀wò lọ́wọ́ wọn. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan nínú àwọn yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ mú ohun tó so yín mọ́ ilé wá: ìwé iṣẹ́, ìwé ilẹ̀, ìwé ilé-ìwé àwọn ọmọ, àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́fà tí kò ní owó yíyá tó kàn já wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Owó físà yẹn, wọn kì í dá a padà. Kí ẹ sì rí i pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ bá ohun tí mo kọ sí DS-160 (fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà) yín mu, torí bàbá kan sọ fún mi pé àbẹ̀wò ọmọ lòun ń lọ, ó dé iwájú gíláàsì ó ní òun fẹ́ lọ sinmi títí Ọlọ́run á fi pè òun.